Sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ tí kò rìn, tí kò sì tíì kú: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ tọkọtaya kan

Tọkọtaya tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí ti wà pọ̀ fún ọdún mẹ́rin láìrí oyún kí ọ̀rọ̀ wọn tó dé yàrá àyẹ̀wò wa. Ọkọ jẹ́ káfíńtà, ẹni ọdún 34. Ìyàwó, ẹni ọdún 29, ń ta aṣọ ní ọ̀kan nínú àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá. Gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí láàárín wa, ìyàwó ni gbogbo ẹbí kọ́kọ́ dojú kọ. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì tí ó fi ń ti ilé ìwòsàn kan bọ́ sí òmíràn, tí ó ń mu àgbo, tí ó sì ń gba abẹ́rẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó bi ọkọ rẹ̀ léèrè bóyá òun náà ti ṣe àyẹ̀wò. Nǹkan oṣù rẹ̀ ń wá déédéé, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò fi hàn pé ẹyin ń já lára rẹ̀, fọ́tò tí wọ́n sì ya nínú ilé ọmọ rẹ̀ fi hàn pé ọ̀nà ẹyin méjèèjì là gbalaja. Wọn kò rí àléébù kankan lára obìnrin náà.

Nígbà tí ọkọ gbà láti ṣe àyẹ̀wò, ilé ni ó ti gba àtọ̀ rẹ̀ sínú kọ́ńdọ́ọ̀mù, ó dì í sínú ọ̀rá, ó sì wọ ọkọ̀ èrò lọ sí yàrá àyẹ̀wò kan. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá a dúró lọ́nà, ó sì ju wákàtí méjì lọ kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èsì tí wọ́n kọ fún un kò gùn: sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ mílíọ̀nù 38 nínú mìlílítà kan, àwọn tó ń rìn jẹ́ 0, lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì kọ ọ́ sí pé gbogbo wọn ti kú. Wọ́n tún gbin àtọ̀ náà láti wá kòkòrò inú rẹ̀, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní stáfù (Staphylococcus) sì hù. Láti ìgbà náà ni ìtọ́jú stáfù ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fún un ní oògùn apakòkòrò, tí wọ́n sì fún ìyàwó náà, nítorí pé wọ́n ní bí wọn kò bá jọ lò ó, ọ̀kan yóò máa kó o ran èkejì.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ stáfù yìí, nítorí pé ó ti gba owó àti àkókò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ tọkọtaya ní Nàìjíríà. Orí awọ ara ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni irúfẹ́ kòkòrò yìí ń gbé. Ẹni tí ó bá gba àtọ̀ láìkọ́kọ́ fọ ọwọ́ àti nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ dáadáa lè mú un wọ inú ike, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì hù lórí àwo àyẹ̀wò. Bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun inú àtọ̀ kò bá tó mílíọ̀nù 1 nínú mìlílítà kan, tí ọkùnrin náà kò sì ní ìrora, ibà tàbí àmì àrùn kankan, a kò lè tìtorí pé stáfù hù kí a wá sọ pé òun ló dí wọn lọ́wọ́ ọmọ. Nínú ìwé èsì àkọ́kọ́ yìí, kò sí ibi tí wọ́n ti ka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun rárá.

Lẹ́yìn tí oògùn parí, yàrá àyẹ̀wò kejì gba àtọ̀ náà lọ́nà tó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n èsì kan náà ni wọ́n kọ: ó pọ̀, kò rìn, ó ti kú. Dókítà tó ka èsì yìí gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n lo àtọ̀ ẹlòmíràn. Ìyàwó ní òun gbà, ọkọ ní òun kò gbà láéláé, àwọn àgbà ẹbí sì bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ìyàwó kejì, bí ẹni pé ìyẹn yóò mú sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ ọkùnrin náà rìn. Lẹ́yìn èyí ni dókítà mìíràn, onímọ̀ nípa ìtọ́jú àwọn obìnrin, fi ìwé ránṣẹ́ sí wa. Ìbéèrè kan péré ló wà nínú ìwé náà: ṣé òkú ni àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí lóòótọ́, àbí alààyè tí kò lè rìn?

Ìbéèrè yẹn ló gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ tó bá dúró gbagidi lábẹ́ máíkírósíkóòpù lè wà bẹ́ẹ̀ fún oríṣiríṣi ìdí, ọ̀nà ìtọ́jú wọn kò sì jọ ara wọn. Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà gbà á ló bà á jẹ́: kẹ́míkà tó wà nínú kọ́ńdọ́ọ̀mù, ọṣẹ, itọ́, omi, òtútù, tàbí pípẹ́ lójú ọ̀nà. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti kú kí wọ́n tó jáde lára ọkùnrin náà, bóyá nítorí àrùn, bóyá nítorí pé wọ́n ti pẹ́ jù níbi tí wọ́n ń sùn sí lẹ́yìn kórópọ̀n. Ó lè jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun ara ọkùnrin náà fúnra wọn ló ń so wọ́n mọ́ ara wọn. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n wà láàyè, awọ ara wọn pé, ohun ìjogúnbá inú orí wọn pé, ṣùgbọ́n ìrù wọn kò ní ohun tí ó fi ń jù. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ẹni tí kò bá ṣe ju kíkà lọ kò lè rí.

A sọ fún ọkùnrin náà pé kí ó wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí kò bá obìnrin sùn, nítorí pé láàárín ọjọ́ 2 sí 7 ni ìwé ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sí. Yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá àyẹ̀wò ni ó ti gba àtọ̀ náà, sínú ike ẹlẹ́nu gbòòrò tí a ti mọ̀ pé kì í pa sẹ́ẹ̀lì, láìlo kọ́ńdọ́ọ̀mù, láìlo ìpara tàbí itọ́, lẹ́yìn tí ó ti fọ ọwọ́, tí ó ti ṣan ọṣẹ kúrò, tí ó sì ti nù ún gbẹ. A gbé ike náà sínú ẹ̀rọ amóoru tó wà ní ìwọ̀n 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nígbà tí ó pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àtọ̀ náà ti yọ́, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó jẹ́ mìlílítà 2.6, sẹ́ẹ̀lì mílíọ̀nù 41 ló sì wà nínú mìlílítà kan. Ààlà ìsàlẹ̀ tí ìwé ìlànà ọdún 2021 fi lélẹ̀ ni mìlílítà 1.4 àti mílíọ̀nù 16, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ pé àtọ̀ rẹ̀ kéré. Ní ti rírìn, níbi tí ìwé náà ti ń retí ó kéré tán 42 nínú 100, a ka sẹ́ẹ̀lì 200 lẹ́ẹ̀mejì, a kò sì rí ẹyọ kan tó kúrò lójú kan. Díẹ̀ nínú wọn kàn gbọ̀n ìrù fẹ́ẹ́ ni. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kò tó mílíọ̀nù 1. Wọn kò lẹ̀ mọ́ ara wọn, èyí tí ó mú kí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun ara rọlẹ̀ lọ́kàn wa. Mo sọ pé ó rọlẹ̀ nìkan, nítorí pé àyẹ̀wò tí a sábà máa ń fi wá wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní MAR, sẹ́ẹ̀lì tó ń rìn ni a fi ń kà á, ọkùnrin yìí kò sì ní ọ̀kan. Ẹni tó bá ṣe àyẹ̀wò yẹn lórí irú àtọ̀ báyìí, tí ó sì kọ èsì, kò mọ ohun tí ó kà.

Ibi tí àwọn yàrá àyẹ̀wò méjì àkọ́kọ́ dúró sí nìyí. Ìgbésẹ̀ tó kàn kò ju aró àti gíláàsì pẹlẹbẹ lọ. A da ẹ̀kán àtọ̀ kan pọ̀ mọ́ aró eosin àti nigrosin, a tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, a sì jẹ́ kí ó gbẹ. Awọ ara sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè kì í jẹ́ kí eosin wọlé, nítorí náà orí rẹ̀ yóò funfun lórí ilẹ̀ dúdú tí nigrosin ṣe. Awọ ara òkú ti ya, aró yóò sì wọ inú rẹ̀ títí orí rẹ̀ yóò fi pọ́n. Ojú wa ni gíláàsì náà ṣe kún fún orí funfun. Nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún, 72 ló wà láàyè. Ààlà ìsàlẹ̀ fún ìwàláàyè jẹ́ 54. Ọkùnrin tí wọ́n ti kọ ìwé ikú fún àtọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní sẹ́ẹ̀lì alààyè tó ju ààlà ìsàlẹ̀ yẹn lọ dáadáa.

Aró nìkan kò tó fún wa, fún ìdí méjì. Àkọ́kọ́, eosin kàn ń sọ pé awọ náà kò ya ni. Kò sọ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Èkejì, sẹ́ẹ̀lì tí a bá ti pa láró, tí a sì gbẹ, kò wúlò mọ́ fún ohunkóhun, bẹ́ẹ̀ ni bí ọ̀rọ̀ bá di fífi abẹ́rẹ́ gbé sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ sínú ẹyin, a nílò ọ̀nà tí a fi lè mọ alààyè kí a sì tún lè lò ó. Èyí ni iṣẹ́ àyẹ̀wò ìwúlé nínú omi tó ṣàn, tí Jeyendran àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 1984, tí àwa tó ń ṣe é ń pè ní HOS. Ìlànà rẹ̀ rọrùn. Omi tí iyọ̀ àti ṣúgà inú rẹ̀ kéré sí ti inú sẹ́ẹ̀lì yóò máa wá ọ̀nà wọlé. Bí awọ ìrù bá pé, tí ó sì ń ṣiṣẹ́, omi yóò wọlé, ìrù yóò wú, yóò sì ká bọ́ńbọ́ tàbí kí ó tẹ̀ bí ìwọ̀. Bí awọ náà bá ti kú, yóò dà bí ìkòkò tó ti là: bí omi ṣe ń wọlé ni ó ń jáde, ìrù náà yóò sì wà ní títọ́ bó ṣe wà.

Àwọn èlò rẹ̀ kò ju gíráàmù 0.735 sodium citrate àti gíráàmù 1.351 fructose lọ, nínú mìlílítà 100 omi tí a ti sọ di mímọ́ gaara. A mú mìlílítà kan nínú rẹ̀ dé ìwọ̀n 37, a fi àtọ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlílítà sí i, a sì fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, èyí tó jẹ́ àkókò fún àyẹ̀wò lásán. Bí a bá fẹ́ lo sẹ́ẹ̀lì náà fún ìtọ́jú, ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ń fò, tí kò sì yẹ kí a fò: kí a tó fi omi náà sí i, a gbọ́dọ̀ ka iye ìrù tó ti ká tẹ́lẹ̀, kí a sì yọ ọ́ kúrò nínú èsì. Nínú àtọ̀ ọkùnrin yìí, 4 nínú 100 ló ti ká kí a tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn àyẹ̀wò, ó di 69. Nítorí náà 65 ló dáhùn, kò sì jìnnà sí ohun tí aró sọ fún wa. Ìṣọ̀kan àyẹ̀wò méjèèjì ni a gbẹ́kẹ̀ lé. Bí aró bá sọ pé 72 wà láàyè tí HOS sì sọ pé 20, àwa ni yóò kọ́kọ́ yẹ iṣẹ́ ọwọ́ wa wò.

Ọkọ béèrè bóyá kí òun san owó àyẹ̀wò ohun ìjogúnbá inú orí sẹ́ẹ̀lì àtọ̀, nítorí pé ẹnì kan ti sọ fún un pé òun ló dára jù, tí ó sì wọ́n jù. A ní kò pọn dandan lásìkò yẹn. Ìwé ìlànà ọdún 2021 fi irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ sí abẹ́ àwọn àfikún, kì í ṣe èyí tí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣe, èsì rẹ̀ kò sì ní yí ohun tí dókítà fẹ́ ṣe fún un padà. Àyẹ̀wò tí kò bá ní yí ìpinnu kankan padà, owó lásán ni ẹni tó gbà á gbà. Bákan náà ni a kò ṣe àyẹ̀wò bóyá orí sẹ́ẹ̀lì náà lè tú ohun tó fi ń jẹ ara ẹyin jáde, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì tí kò lè rìn kò ní dé ibi tí yóò ti lò ó.

Ohun tó wá yí ọ̀rọ̀ náà padà kò sí nínú máíkírósíkóòpù. Ní ọjọ́ tí wọ́n wá gba èsì, ìyá ọkọ bá wọn wá. Ọkùnrin náà ń wúkọ́ lórí ìjókòó, ikọ́ tó ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ nínú, ó sì tètè bẹ nọ́ọ̀sì wa pé kí ó má bínú, pé ìyẹ̀fun pákó ni. Nọ́ọ̀sì náà yíjú sí ìyá rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ìgbà wo ni ikọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀?”

“Ìgbà wo ni kò wúkọ́? Ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ, imú rẹ̀ ń dí tí kò fi lè mu ọmú dáadáa. A kò ì gbé e dé ìdí pákó kankan nígbà yẹn.”

Ìyá náà ń bá a lọ. Etí ọmọ náà ń ṣọyún ní gbogbo ìgbà tí ó fi wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fìnkìn rẹ̀ kì í gbẹ, ẹ̀ẹ̀rùn ìbáà jẹ́ tàbí òjò. Wọ́n ti fi í sórí oògùn ikọ́ ife nígbà kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò rí kòkòrò ikọ́ ife nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ó sì fi kún un pé nígbà tí wọ́n ya ẹ́ksíréè àyà rẹ̀ nígbà náà, ẹni tó yà á ní àwọn ti dojú fíìmù náà délẹ̀ lódì, ó sì fi gègé yí àmì ọ̀tún padà sí òsì.

Fíìmù náà kò dojú délẹ̀. Ẹ́ksíréè tuntun tí dókítà àyà ní kí wọ́n yà fi hàn pé ọkàn ọkùnrin náà wà lápá ọ̀tún, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wà lápá òsì, àwọn ọ̀nà èémí kan nísàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sì ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n fi èérún sákárínì sínú imú rẹ̀, wọ́n sì ní kí ó sọ ìgbà tí ó bá tọ́ adùn lẹ́nu. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló yẹ kí ẹni tí imú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ti tọ́ ọ. Wákàtí kan kọjá, kò tọ́ nǹkan kan.

Manes Kartagener, dókítà ará Switzerland, ti kọ̀wé ní ọdún 1933 nípa àwọn ènìyàn tí ọkàn wọn wà lápá ọ̀tún, tí ihò imú wọn ń ṣàìsàn, tí ọ̀nà èémí wọn sì fẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 1976 ni Björn Afzelius, onímọ̀ sẹ́ẹ̀lì ní Sweden, tó so ó pọ̀ mọ́ àìrọ́mọbí ọkùnrin. Ìrù sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ àti àwọn irun wíwẹ́wẹ́ tó ń gbá ìdọ̀tí jáde kúrò nínú imú àti ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀nà kan náà ni a gbà kọ́ wọn: okùn mẹ́sàn-án oníbejì yí okùn méjì àárín ká, apá kéékèèké tí wọ́n ń pè ní dynein sì ń fa okùn kan lórí èkejì kí ìrù lè jù. Afzelius rí i pé apá yẹn kò sí lára àwọn ọkùnrin tí ó yẹ̀ wò. Níbi tí kò bá ti sí dynein, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kò ní jáde, sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ kò sì ní rìn. Irú irun wíwẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ ló tún ń darí ọkàn ọlẹ̀ sí apá òsì nínú ikùn ìyá. Bí irun náà kò bá jù, ibi tó bá wu ọkàn ló ń lọ, ìdí sì nìyí tí nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní àìsàn yìí fi ní ọkàn lápá ọ̀tún.

Kò sí máíkírósíkóòpù oní-ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí a lè fi wo dynein ọkùnrin yìí ní tòsí wa, a kò sì dúró dè é. A fi pentoxifylline, oògùn tó máa ń ta sẹ́ẹ̀lì tó ń sùn jí, sí díẹ̀ nínú àtọ̀ rẹ̀; kò sí èyí tó rìn. Èyí bá ohun tí ẹ́ksíréè àti imú rẹ̀ sọ mu: kì í ṣe okun ni kò sí, ohun tí okun ń lò ni kò sí. Dókítà àyà àti dókítà àwọn obìnrin fohùn ṣọ̀kan pé àìsàn tí Kartagener àti Afzelius kọ̀wé nípa rẹ̀ yìí ló ń ṣe é, ọ̀rọ̀ àtọ̀ ẹlòmíràn sì kúrò nílẹ̀.

Ọ̀nà tó kù ni ICSI, tí wọ́n kọ́kọ́ fi rí oyún ní Brussels, tí ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1992. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tín-ínrín gbé sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo sínú ẹyin, nítorí náà kò nílò láti rìn. Ó nílò láti wà láàyè. Ilé ìtọ́jú tí wọ́n lọ béèrè bóyá kí wọ́n la kórópọ̀n láti wá sẹ́ẹ̀lì níbẹ̀. Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí a fi ọ̀bẹ wá ohun tó ti jáde fúnra rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ìwàláàyè àtọ̀ rẹ̀ bá ṣì wà lókè 54, wọ́n sì gbà.

Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ kùnà. Wọ́n gba ẹyin mẹ́sàn-án tó gbó, wọ́n fi ojú lásán yan sẹ́ẹ̀lì tí ìrísí rẹ̀ dára, ẹyin kan ṣoṣo ló gbà á, òun náà kò sì pín kọjá ọjọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n fi ìyókù àtọ̀ ọjọ́ náà ránṣẹ́ sí wa kíákíá, aró fi hàn pé 37 nínú 100 péré ló wà láàyè. A pe ọkọ, a sì bi í ní ọjọ́ tí ó bá ìyàwó rẹ̀ sùn kẹ́yìn. Ó ní ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ló gbà á nímọ̀ràn pé kí ó tọ́jú ara pamọ́ kí àtọ̀ náà lè pọ̀, kí ó sì lágbára. Ó pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ tó bá pẹ́ jù níbi ìpamọ́ ń gbó, ó sì ń kú síbẹ̀. Lọ́wọ́ ọkùnrin mìíràn, àwọn tó ń rìn yóò ya ara wọn sọ́tọ̀ lójú ẹni tó ń yàn wọ́n. Lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, òkú àti alààyè dúró gbagidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú ènìyàn kò sì lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ni wọ́n tún gbìyànjú. Lọ́tẹ̀ yìí a ní kí ọkọ máa tú àtọ̀ lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, kí ó sì fi ọjọ́ kan péré sinmi. Ìwàláàyè jẹ́ 76 ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Onímọ̀ ọlẹ̀ ilé ìtọ́jú náà da omi tí wọ́n ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì sínú rẹ̀ pọ̀ mọ́ omi mímọ́ ní ìdajì-ìdajì, ó kó díẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì sínú ẹ̀kán rẹ̀, ó sì ń wò wọ́n. Èyí tí ìrù rẹ̀ bá ká ni ó ń fà sókè lójú ẹsẹ̀, tí ó sì ń fọ̀ nínú omi tó bá ara sẹ́ẹ̀lì mu títí ìrù yóò fi nà padà, kí ó tó gbé e sínú ẹyin. Nínú ẹyin mẹ́jọ, márùn-ún gbà á. Wọ́n gbé ọlẹ̀ kan sínú ilé ọmọ, wọ́n sì fi méjì pamọ́ sínú òtútù. Ìyàwó lóyún, ó sì bí ọmọbìnrin nígbà tí oyún rẹ̀ pé oṣù.

N kò lè sọ pé HOS nìkan ló ṣe é. Ohun méjì ni a yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbà tí a gba àtọ̀ àti ọ̀nà tí a gbà yàn án, ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo kò sì lè sọ fún wa èyí tó ṣiṣẹ́ jù. Ohun tí mo lè sọ ni pé àwọn méjèèjì kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá, wọ́n sì wà ní àrọ́wọ́tó yàrá àyẹ̀wò tí kò ju yàrá méjì lọ.

Fún àwa tí a ń ka àtọ̀ lójoojúmọ́, ibi tí mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù ni ọ̀rọ̀ tí a ń kọ sórí ìwé èsì. Bí àwọn tó ń rìn síwájú kò bá tó 40 nínú 100, ó yẹ kí a ṣe àyẹ̀wò ìwàláàyè. Bí wọ́n bá jẹ́ 0, kò yẹ kí ìwé náà jáde láìsí i. Ẹni tí kò pa sẹ́ẹ̀lì láró kò ní ẹ̀tọ́ láti kọ ọ́ pé ó ti kú. Kí ó kọ ọ́ pé kò rìn, kí ó sì dúró níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló sún dókítà kan sí ìdí oògùn apakòkòrò, tí ó sì sún èkejì sí ìdí àtọ̀ ẹlòmíràn. Kí a tó gbà pé 0 jẹ́ 0, kí a tún gba àtọ̀ mìíràn nínú yàrá àyẹ̀wò fúnra rẹ̀. Kí omi HOS àti ike wà ní ìwọ̀n 37 ní tòótọ́. Bí iná bá lọ, fúláàsì omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí a fi tẹmómítà sí lè gbà wá là, ṣùgbọ́n fífi ike sí orí tábìlì abẹ́ fáànù yóò ba rírìn jẹ́ kí a tó kà á.

Àwọn dókítà náà ní iṣẹ́ tiwọn. Bí èsì bá fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì pọ̀, tí wọ́n wà láàyè, tí wọn kò sì rìn, ìbéèrè tó kàn ni imú, etí àti àyà, kí wọ́n sì bi ìyá rẹ̀ bí ó bá wà láyé, nítorí pé ẹni tó ti ń wúkọ́ láti ọjọ́ ìkómọ kì í mọ̀ pé ohun tó ń ṣe òun kì í ṣe gbogbo ayé. Ọmọ kò sì ni òpin ìtọ́jú náà. Ẹ̀dọ̀fóró ọkùnrin yìí ló lè dá ẹ̀mí rẹ̀ légbodò, nítorí náà ó ń rí dókítà àyà déédéé, wọ́n kọ́ ọ bí yóò ṣe máa tú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde lárààárọ̀, ó sì ń bo imú nídìí ayùn.

Wọ́n tún gbọ́dọ̀ bá irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìjogúnbá. Ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni àìsàn yìí ti sábà ń wá pọ̀, ó sì lé ní 50 jíìnì tí a ti mọ̀ tó lè fà á. Ọmọbìnrin tí wọ́n bí yóò gbé ẹ̀dà kan láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀. Àyàfi bí ìyá rẹ̀ náà bá ń gbé irú rẹ̀ ni àìsàn fi lè bá a, èyí kò sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí kò bára tan. Ti àwọn ọmọ ìyá bàbá rẹ̀ ló yàtọ̀, nítorí pé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní ìpín kan nínú mẹ́rin láti ní in. Nígbà tí a ṣàlàyé èyí fún Màmá, ó dárúkọ àbúrò ọkùnrin náà, tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, tí etí tirẹ̀ náà ti ń ṣọyún láti kékeré. A kọ ìwé fún un lọ sọ́dọ̀ dókítà àyà ní ọjọ́ náà gan-an, a sì kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé bí ó bá wù ú láti mọ̀ nípa àtọ̀ rẹ̀ kí ó tó gbéyàwó, àyẹ̀wò ìwàláàyè àti HOS ni kí wọ́n fi kún kíkà láti ìbẹ̀rẹ̀.